Ta Ló Tẹ Edelhorn Dó?

North York, Toronto
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́. Ṣé ara le? Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kò tíì tán? Èmi àti Ṣìmí wà dáadáa, òtútù nìkan ló ń fojú wa rí nǹkan. Ọlárìndé àbúrò mi sọ fún mi pé etí yín ò gbọ́ fóònù mọ́ rárá, pé ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà. Ó ní òun á máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní lẹ́tà gàdàgbà fún yín, òun á sì máa ya fọ́tò èsì yín ránṣẹ́ sí mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má fi bírò pupa tún lẹ́tà mi ṣe, mo ti lé ní ogójì ọdún.

Ìròyìn kan wà. Wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ mí ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Edelhorn, ìrìn wákàtí méjì sí Toronto níhà àríwá. Ìlú ìgbafẹ́ ni, ní ẹsẹ̀ òkè. Nígbà yìnyín àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀, wọn a de igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ látorí òkè wá sílẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣubú tó dá lápá, ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n ń gbé e lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kí n wá jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà. Wọ́n máa fún wa ní ilé tó ní ọgbà, Ṣìmí á sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Àjà kẹtàdínlógún la wà báyìí, bọ́ọ̀sì kan àti sábúwéè, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni mo ń wọ̀ kí n tó débi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n fèsì kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọdún márùn-ún ni mo ní mo máa lò ní Canada, ó ti di mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ tí ẹ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń bá mi ro ó. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì. Bí mo bá gbà á, a jẹ́ pé mo ti jókòó síbí nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ yín. Mi ò fẹ́ lọ láìjẹ́ pé ẹ súre fún mi.

Ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́


Odòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àṣìṣe mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, n kò ní sọ ibi tí wọ́n wà. Inú mi dùn pé ìwọ àti ọmọ wa wà ní àlàáfíà. Oògùn mi kò tán, ètè mi nìkan ni ọyẹ́ ti bẹ́.

O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì. Mo ya òkè Álípì sójú pátákó débi pé mo lè dijú yà á. Síbẹ̀ n kò fojú rí yìnyín rí, àfi èyí tó ń dì sínú fíríìjì. Nítorí náà, má rò pé ìbínú ni bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mítà mélòó ni òkè náà ga? Irú òkúta wo ni? Omi wo ló ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀? Kí ló dé tí ìlú kan ní Canada fi ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti àwọn ará Switzerland?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé: ta ló tẹ ìlú náà dó? Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, a máa ń wádìí ìdílé. Bí a bá fẹ́ lọ gbé ìlú, bákan náà ni. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nǹkan kan ló lé e wá, nǹkan kan ló sì rí tó fi dúró. Kí o tó gbé ọmọ-ọmọ mi lọ síbẹ̀, lọ kí onílùú. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Kúnlẹ̀, sọ orúkọ bàbá rẹ, sọ pé o fẹ́ wá bá wọn gbé. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, ìgbà náà ni n óò mọ ohun tí mo máa sọ.

Ní ti ilẹ̀, mo ro ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Koríko kò mọ̀ pé o rìnrìn àjò, ṣe ló ń hù. Mo ti lé Ọlárìndé kúrò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí i.

Bàbá rẹ,
Adékànmí


North York, Toronto
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èrèlè, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi. Mo wá àṣìṣe mẹ́rin náà títí, méjì péré ni mo rí.

Mo ti lọ sí Edelhorn. Fareedah, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan ní Woodbridge, ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé èmi àti Ṣìmí lọ, torí táyà mọ́tò tèmi kì í ṣe ti ìgbà yìnyín. A kọjá oko ápù tó funfun báláú, àfi bí ilé bí àádọ́ta ṣe yọ sí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Pákó ni wọ́n fi ṣe ojú wọn, òrùlé wọn ga ṣónṣó, wọ́n sì fi ọ̀dà ya òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Agogo ọrùn màlúù rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé kọfí. Mi ò rí màlúù kankan. Aago ńlá kan wà láàárín ìlú tó ń kọrin ní wákàtí wákàtí, ère ọkùnrin onífìlà aláwọ̀ ewé kan á jáde láti inú rẹ̀, á tẹrí ba, á wọlé padà. Ṣìmí dúró wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Òkè náà ga ní igba mítà ó lé ọgbọ̀n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Òkúta ẹfun ni. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ti dì gbagidi. Ìtàn ìlú náà wà lára pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tó tóbi jù. Pátákó náà ní àwọn ará Switzerland ló rí òkè náà tó rán wọn létí ilé, ni wọ́n bá tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú àṣà òkè Álípì. Kò dárúkọ ẹnì kankan, kò sì sí ọdún níbẹ̀.

Ni mo bá ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń gbàlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì pé mo fẹ́ kí ẹni tó ni ìlú. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tó yá wọ́n mú wa wọ ọ́fíìsì kan. Mo ti di obì mẹ́fà àti ìgò oyin kan sínú apẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sọ orúkọ yín, mo sọ orúkọ bàbá yín, mo ní a fẹ́ wá bá wọn gbé, kí wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin náà dìde dúró, ìtìjú mú ojú rẹ̀ pọ́n. Ṣìmí fa aṣọ mi, ó ní, "Mummy, please get up." Nígbà tí mo wá gbójú sókè, mo rí i pé ọkùnrin náà kò tíì tó ọmọ ọdún márùndínlógójì. Kyle lorúkọ rẹ̀. Mánijà ni, láti Vancouver ló ti wá, oṣù méje péré ló sì ti lò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ilé tí mò ń wí yẹn, òun náà ò mọ ibi tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń gbé. Ó bu obì kan jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ojú tì mí, Bàbá. Inú sì bí mi sí yín díẹ̀, mo ní kí n kúkú sọ ọ́ jáde. Ìlú òyìnbó kì í ṣe Ìdànrè. Iṣẹ́ ni wọ́n fi lọ̀ mí, kì í ṣe oyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún mi.

Ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́


Odòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èrèlè, 2025

Olúfúnkẹ́,

Mo rẹ́rìn-ín títí tí Ọlárìndé, tó mú lẹ́tà rẹ wá láti Àkúrẹ́, fi sáré wọlé wá wò mí. Má bínú. Ṣé obì yòókù ṣì wà lọ́wọ́ Kyle?

Igba mítà ó lé ọgbọ̀n. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní òkè. Ṣé o sọ fún wọn pé ìwọ ti gun òkè rí, pé àtẹ̀gùn tiwa nìkan lé ní ẹgbẹ̀ta, àti pé o máa ń sáré gùn ún nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Àmọ́ mo fẹ́ bá ọ wí. Mánijà lo lọ kúnlẹ̀ fún. Bí àlejò bá dé Ìdànrè, tó lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ṣé o máa sọ pé ó ti kí Ọba? Ìtàn ara pátákó yẹn náà, má gbà á. O mọ àwọn tó ń mú àlejò gun òkè wa. Ọ̀kan nínú wọn sọ lójú mi fún àwọn ará Èkó pé òmìrán kan ló fi ọwọ́ kan to gbogbo òkúta náà jọ. Mo bá a wí. Ó ní, Bàbá, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ pátákó tí o kà.

Lọ wá ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Orúkọ àwọn tó tẹ ìlú dó á wà níbẹ̀. Kí o wá béèrè bóyá ó ku ẹnì kan lára ìran wọn. Bí o bá rí i, bi í léèrè ìdí tí àwọn ọmọ wọn fi lọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ jù.

N kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló máa jẹ́ aládùúgbò rẹ ní ìlú tó jẹ́ pé àlejò ni gbogbo wọn? Bí àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀, ta ló máa se ẹ̀kọ fún ọ? Ní North York o ní ṣọ́ọ̀ṣì, o ní Fareedah. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé kẹ́yìn, ọjọ́ méjìlá péré lo lò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣìmí fi kí mi. N kò sọ ọ́ nígbà yẹn, mo ń sọ ọ́ báyìí.

Bàbá rẹ,
Adékànmí


North York, Toronto
Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjìlá yẹn, ó dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Mo padà sí Edelhorn lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe nítorí yín nìkan mọ́, èmi náà ti fẹ́ mọ̀. Mo bi èèyàn mẹ́ta pé níbo ni itẹ́ òkú wà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan tilẹ̀ ní bóyá kò sí. Ẹ̀yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà, níbi tí katakata máa ń wọ́ yìnyín jọ sí. Òkìtì yìnyín ti bo ìlà iwájú pátápátá, orí òkúta méjì ló yọ síta. Mo fi ọwọ́ gbá wọn. Tuckett ló wà lára ọ̀kan, Tuckett náà ló wà lára ìkejì.

Obìnrin àgbàlagbà kan ń fọ́n iyọ̀ tó ń yọ́ yìnyín sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní mò ń wá ẹni tó tẹ ìlú náà dó. Ó gbé iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè yẹn kẹ́yìn. Wọlé, kí òtútù má pa ọ́." Edna Tuckett lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò béèrè ìdí, ó kàn fà mí dìde, ó ní orúnkún tòun kò jẹ́ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tuckett's Corners ni orúkọ ìlú náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn oríta àwọn Tuckett. England ni bàbá-bàbá Edna ti wá. Wọ́n ní ilẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò sọ fún un pé òkúta ni. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn lórí òkè, wọ́n gbin ápù sísàlẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó ní rárá, àwọn ará ìbílẹ̀ ti wà níbẹ̀, bàbá àgbà òun bá eérú iná wọn lẹ́bàá odò, àmọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nílé àwọn. Mo kọ ọ́ fún yín bó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tó mú síkì wá kì í ṣe ará Switzerland. Ará Austria ni, tó dé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Lorenz lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣe búrẹ́dì. Ó wo òkè tí kò mú nǹkan kan jáde yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Bàbá Edna tú táyà kan lára ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, ó we okùn gígùn mọ́ irin tí táyà náà wà, ó tan ẹ́ńjìnnì, okùn náà sì ń fa èèyàn gòkè. Àwọn ará Toronto ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá ní Sátidé. Wọn a sùn sí yàrá àwọn ọmọ àgbẹ̀, àwọn ọmọ a lọ sùn sí ilé ìdáná, ìyá Edna a sì se ẹ̀wà fún gbogbo wọn. Edna ní òun ò gbádùn ayé tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan wá ra oko wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wó ilé òkúta àwọn àgbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé olódòdó, wọ́n pa orúkọ ìlú dà. Wọ́n pe Lorenz wá síbi ìṣílé. Ó wo àwọn ilé náà títí, ó ní òun ò rí irú wọn rí ní abúlé òun.

Ẹ ní kí n bi í léèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi lọ. Ọmọ mẹ́ta ni Edna bí. Ọ̀kan wà ní Georgetown ní ìtòsí Toronto, méjì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé ti wọ́n kọjá agbára wọn, iṣẹ́ tó sì kù níbẹ̀ ni kí wọ́n máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ó ní, "Èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ. Mo wá ń retí pé wọn ò ní gbọ́."

Bàbá, mo fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ báyìí, láti Philippines àti Jamaica ni wọ́n ti wá, mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń sùn sí yàrá. Edna ń wakọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, torí pé ẹni tó bá ṣubú lórí yìnyín nìkan ni ilé ìwòsàn náà ń tọ́jú, títí wọ́n á fi rí nọ́ọ̀sì àgbà. Mo máa wúlò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi.

Ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́


North York, Toronto
Ogúnjọ́, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Ọjọ́ méjìdínlógún rèé. Ọlárìndé ní òun ti fún yín ní lẹ́tà mi, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ká a sínú Bíbélì. Ó ní ara yín le, ẹ ń jẹun, ẹ kàn ń jáde láràárọ̀ lọ sórí ilẹ̀ yẹn pẹ̀lú okùn, ẹ ń wọ̀n ọ́n. Kí lẹ ń wọ̀n?

Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi. Mo mọ bí mo ṣe ń gba èébú yín láti kékeré. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn náà, ọ̀kan ní mò ń bọ̀, èkejì ní mi ò wá mọ́. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, èkejì ni màá fi ránṣẹ́.

Olúfúnkẹ́


Odòde, Ìdànrè
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Olúfúnkẹ́ ọmọ mi,

O ò ṣẹ̀ mí. Bá mi kí Edna Tuckett. Sọ fún un pé olùkọ́ kan wà ní Ìdànrè tó mọ orúkọ ìlú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ibi tó ti ní òun ń retí pé wọn ò ní gbọ́ ni mo dé tí n kò lè kà á síwájú mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí àwọn èèyàn wa fi ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀, ìyá bàbá mi kò bá wọn sọ̀kalẹ̀. Ó bá wọn di ẹrù, ó gbé e rù wọ́n, ó sì padà lọ jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá mi nígbà náà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń ru iṣu àti iyọ̀ gòkè lọ fún un, fún odindi ọdún méje títí ìyá náà fi kú. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá dé ọ̀hún ni ìyá máa ń ní ìbéèrè. Ta ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Báwo ni omi ibẹ̀ ṣe rí? Ṣé ilẹ̀ náà gba iṣu? Bàbá mi rò pé ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá bá àwọn ni. Ó pẹ́ kó tó yé e pé kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rárá. Nítorí kí ọmọ rẹ̀ má tètè padà ló ṣe ń béèrè.

Ohun tí mo ti ń ṣe sí ọ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ nípa òkúta ẹfun lóòótọ́, olùkọ́ ni mí. Àmọ́ mo rí i pé bí mo bá ti béèrè, o máa kọ̀wé gígùn sí mi. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí o ti lọ, o kò bá mi sọ̀rọ̀ tó báyìí rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà parí.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Lọ. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ tù ọ́ lára, kí Ṣìmí rí ọ̀rẹ́ níbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ san àwọn tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ rẹ. Mo súre fún ọ tọkàntọkàn.

Kí o lè mọ̀ pé n kò fi ẹnu lásán sọ ọ́, mo ti fún Ọlárìndé ní ilẹ̀ rẹ. Òun ni mò ń wọ̀n ọ́n fún. Inú ilé onílé ni àbúrò rẹ wà ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, èmi sì ń lé e kúrò lórí ilẹ̀ tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí ṣọ́bìrì ṣe kọ́kọ́ wọlẹ̀, mo ní kí wọ́n dúró. Mo wọlé lọ sunkún. Nígbà tí mo jáde, mo ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Bàbá rẹ,
Adékànmí


North York, Toronto
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ. Obìnrin tó jókòó tì mí ló fún mi ní nǹkan tí mo fi nu ojú. Ilẹ̀ náà dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo mọ̀ pé ohun tó tọ́ lẹ ṣe, ó sì tún ń dùn mí.

Mo ti gba iṣẹ́ náà. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ẹ̀yin gbàgbé láti bi mí, pé kí ni ìlú náà máa ń ṣe nígbà tí yìnyín bá yọ́. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Òkè a di ẹrẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì a tilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ a lọ sílé wọn, ó máa ku Edna àti àwọn ẹyẹ. Láti àárín oṣù Igbe títí dé òpin Èbìbí ni, kí àwọn àlejò ìgbà ooru tó máa dé. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn mi pé lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, èmi náà ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Oṣù Òkúdù ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èmi àti Ṣìmí á gúnlẹ̀ ní Èkó lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Igbe. Mo ti bá ilé-ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bẹ Ọlárìndé kó fi yàrá kan kún ilé tó ń kọ́, kó má tóbi, kó ṣáà kọjú sí ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ má tíì kọ ìbéèrè mìíràn ránṣẹ́, ẹ kó gbogbo wọn jọ dè mí. Ẹnu ni mo máa fi dáhùn wọn, mo máa jókòó ti etí yín tó dára jù, mi ò sì ní tètè dìde.

Ọmọ yín,
Olúfúnkẹ́